Ìbuwọ́lùwé Orí Ẹ̀rọ: Irinṣẹ́ Tó Wọ́pọ̀ àti Èyí Tó Dúró Lórí Blockchain (Ìbéèrè àti Ìdáhùn)

Ní ìpàdé oṣooṣù ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Adó-Èkìtì, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dábàá pé kí a pa fọ́ọ̀mù onípépà tì, kí a máa fi blockchain, ìwé àkọsílẹ̀ orí ẹ̀rọ tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà jọ ń tọ́jú, buwọ́ lu ìwé ẹ̀yáwó, nítorí ó gbọ́ pé ohun tó bá ti wọ ibẹ̀ kò ṣeé yí padà mọ́. Ẹlòmíràn ní kí ló burú nínú irinṣẹ́ tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń lò, tí wọ́n á fi ìwé ránṣẹ́ sínú ímeèlì, tí èèyàn á sì fi ìka kọ orúkọ rẹ̀ sójú fóònù. Àríyànjiyàn náà gùn títí ilẹ̀ fi ṣú. Èmi tí mo jẹ́ akọ̀wé ni wọ́n ní kí n lọ wádìí ọ̀rọ̀ wá. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n kó fún mi nìyí, pẹ̀lú èsì tí mo rí.

Kí ni à ń pè ní ìbuwọ́lù orí ẹ̀rọ gan-an?

Ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn èèyàn fi orúkọ kan ṣoṣo yìí ń pè. Àkọ́kọ́ ni àwòrán lásán: ẹni kan fọwọ́ sí pépà, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ lẹ́tà. Èkejì ni ìfọwọ́sí tó ní àkọsílẹ̀ nídìí, èyí tí ẹ̀rọ fi kọ ọjọ́, wákàtí, àdírẹ́sì ímeèlì àti fóònù tí a fi ṣe é sílẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ìbuwọ́lù oní-kọ́kọ́rọ́, tó jẹ́ pé ìṣirò ni wọ́n fi so fáìlì mọ́ kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ kan tí ẹnì kan ṣoṣo ní, tí ẹnikẹ́ni sì lè fi kọ́kọ́rọ́ kejì, èyí tó wà ní gbangba, yẹ̀ ẹ́ wò.

Irú àkọ́kọ́ yẹn ló gbòde lọ́dọ̀ wa, òun náà ló sì léwu jù. Mo lọ tẹ ìwé ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan nítòsí Ọjà Ọba nígbà kan. Bí ọmọ tó ń bá mi tẹ̀ ẹ́ ṣe tan kọ̀ǹpútà, mo rí fáìlì mẹ́rin lójú rẹ̀, ìbuwọ́lù àwọn oníbàárà ló wà nínú wọn, ó sì kọ orúkọ sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan: «Alága», «Pásítọ̀», «Bọ̀dá Lọ́yà», «Mummy Bórọ́ọ̀dì». Ọmọ náà kò ní ibi lọ́kàn, ó kàn tọ́jú wọn kí iṣẹ́ lè yá ni. Àmọ́ ẹni tó bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà yẹn láàárọ̀ ọjọ́ kan lè fi ọwọ́ Pásítọ̀ yá owó. Nítorí náà, nígbà tí mo bá ń sọ̀rọ̀ irinṣẹ́ tó wọ́pọ̀ nísàlẹ̀ yìí, irú kejì tí a fi ẹ̀kẹta dì lẹ́yìn ni mo ní lọ́kàn. N kò sọ ti àwòrán.

Báwo ni irinṣẹ́ tó wọ́pọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́?

Ilé-iṣẹ́ kan ló wà láàárín ẹ̀yin àti ẹni tí ẹ ń bá ṣe àdéhùn. DocuSign, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2003, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, Adobe náà sì ní tirẹ̀. Ẹ óò gbé ìwé náà sórí ìkànnì wọn, ẹ óò fi ibi tí olúkúlùkù yóò fọwọ́ sí hàn, wọn óò sì fi ìlà tó já síbẹ̀ ránṣẹ́ sí ímeèlì onítọ̀hún. Bí ó bá ti fọwọ́ sí i, ilé-iṣẹ́ náà yóò fi kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ lẹ fáìlì PDF náà pa bí ẹni fi èdìdì lẹ àpòòwé. Bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kan lẹ́tà kan nínú rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, ohun tí a fi ń ka PDF yóò pariwo pé wọ́n ti tú èdìdì. Ìwé-ẹ̀rí kan tún máa ń tẹ̀lé e, tó sọ ẹni tó ṣí ìwé náà, ìgbà tó ṣí i àti ìgbà tó fọwọ́ sí i.

Ilé-iṣẹ́ yẹn ni gbogbo ìgbẹ́kẹ̀lé wà lọ́wọ́ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ṣe máa ń gbẹ́kẹ̀ lé bàbá àgbà kan pé òun ni kó máa tọ́jú ìwé ilẹ̀ ìdílé.

Èyí tó dúró lórí blockchain ńkọ́?

Ìwé àkọsílẹ̀ kan ni blockchain, tó jẹ́ pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ló ní ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́, tí wọ́n sì ń fi ojú-ìwé tuntun kún un papọ̀. Ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan gbé àmì èyí tó ṣáájú rẹ̀ dání. Ẹni tó bá fẹ́ yí ti ọdún tó kọjá padà ní láti tún gbogbo èyí tó tẹ̀lé e kọ lójú gbogbo àwọn tó ní ẹ̀dà lọ́wọ́.

Èyí tó ya ọ̀pọ̀ nínú wa lẹ́nu ni pé ìwé fúnra rẹ̀ kì í sábà wọ ibẹ̀. Hash rẹ̀ ni wọ́n ń kọ síbẹ̀, ìyẹn àmì kúkúrú tí ìṣirò fà yọ láti inú fáìlì, bí ìka ọwọ́ ṣe jẹ́ fún èèyàn. Irú tí wọ́n ń lò jù ni SHA-256. Bí fáìlì ì báà tóbi tó odindi ìwé ìtàn, àmì mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni yóò mú jáde. Bí ẹ bá fún un ní lẹ́tà «a» nìkan, èsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ca978112. Bí ẹ bá fún un ní «b», 3e23e816 ni yóò fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà méjèèjì tẹ̀lé ara wọn, àmọ́ èsì wọn kò jọra rárá.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan tó kan àwa tí à ń kọ Yorùbá kún un. Lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀nà méjì ni a lè gbà tẹ «ọ»: yálà gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan ṣoṣo, tàbí gẹ́gẹ́ bí «o» tí a fi àmì kún nísàlẹ̀. Ojú kò lè fi ìyàtọ̀ sí wọn, ṣùgbọ́n hash fi ìyàtọ̀ sí wọn dáadáa. Mo tẹ fọ́ọ̀mù kan náà lẹ́ẹ̀mejì lórí kọ̀ǹpútà méjì, ọ̀rọ̀ kan kò yàtọ̀, síbẹ̀ hash wọn kò bára mu. Mo fi bí ọjọ́ méjì rò pé irinṣẹ́ náà ló bàjẹ́. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé fáìlì tí a buwọ́ lù gan-an ni ká tọ́jú, kí a má ṣe tún un tẹ̀.

Ṣé àwọn onísòwò bitcoin ló dá ọgbọ́n yìí?

Rárá o. Owó orí ẹ̀rọ tó dúró lórí blockchain ni bitcoin, ṣùgbọ́n ìwé títọ́jú ló ṣáájú owó. Ní 1991, Stuart Haber àti W. Scott Stornetta, onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, gbé ọ̀nà kan jáde tí èèyàn fi lè fi ẹ̀rí hàn pé ìwé kan ti wà ní ọjọ́ báyìí, láìfi ohun tó wà nínú rẹ̀ han ẹnikẹ́ni. Ní 1995, ilé-iṣẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ hash kan sínú ìwé ìròyìn The New York Times lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó lè lọ gba gbogbo ẹ̀dà ìwé ìròyìn tí wọ́n ti tà lọ́wọ́ àwọn èèyàn kó sì tún un tẹ̀. Bitcoin, tí ìwé àlàyé rẹ̀ jáde ní 2008 tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní 2009, tọ́ka sí iṣẹ́ wọn.

Ṣé òótọ́ ni pé ohun tó bá wọ ibẹ̀ kò ṣeé yí padà?

Lórí èyí tó tóbi bíi ti Bitcoin, ó súnmọ́ bẹ́ẹ̀. Lórí àwọn kékeré, kò dájú: ní 2019 àti 2020, àwọn kan gba agbára Ethereum Classic, ọ̀kan nínú àwọn blockchain kékeré náà, mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́, wọ́n sì yí àwọn àkọsílẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé padà. Irú hash tí a lò náà ṣe pàtàkì. Ní 2017, àwọn onímọ̀ Google àti ilé-ìwádìí CWI ti Amsterdam ṣe PDF méjì tó yàtọ̀ síra, tí hash wọn lábẹ́ SHA-1, irú hash kan tó ti pẹ́, jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ sá fún irinṣẹ́ tó bá ṣì ń lo SHA-1.

Àmọ́ ewu tó tóbi jù lójú tèmi ni pé ó ń tọ́jú àṣìṣe bó ṣe ń tọ́jú òótọ́. Nígbà tí mo ń dán irinṣẹ́ yìí wò, mo fi fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó kan síbẹ̀ tí mo ti kọ ₦520,000 sí ipò ₦250,000. Hash rẹ̀ ti wọlé kí n tó rí i. Títí di òní, blockchain ń jẹ́rìí fún mi tọkàntọkàn pé mo ṣi nọ́ńbà kọ. Ohun tí mo lè ṣe kò ju pé kí n fi fọ́ọ̀mù tuntun sí i, kí n sì kọ sínú rẹ̀ pé ó rọ́pò ti àkọ́kọ́.

Èwo nínú méjèèjì ló lè fi hàn pé lágbájá gan-an ló fọwọ́ sí i?

Ìbéèrè yìí ni mo rò pé ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi ara wa kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà.

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ onídùúró tó fẹ́ tú wa ká. Ọkùnrin náà ní òun kò tẹ̀ka sí fọ́ọ̀mù rárá, ẹni tó yá owó sì sọ pé ojú òun ni onídùúró náà ti tẹ̀ ẹ́. Kò sí ẹni tó jiyàn lórí ọjọ́ tí a kọ síwèé, kò sí ẹni tó sọ pé wọ́n yí iye owó padà. Ọwọ́ ta ni? Ìyẹn nìkan ni ìjà. Bí fọ́ọ̀mù yẹn bá ti wà lórí blockchain láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ ọ́, ìjà náà ì bá wà bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, nítorí ohun tí blockchain lè jẹ́rìí sí ni pé fáìlì yìí ti wà ní ìgbà báyìí, kò sì tíì yí padà. Kò mọ Adé yàtọ̀ sí Òjó. Kọ́kọ́rọ́ ló mọ̀. Ẹni tó bá di kọ́kọ́rọ́ náà mú ni olówó rẹ̀, ì báà jí i.

Àwọn ará Yúróòpù rí èyí. Òfin wọn ti 2014 lórí ìbuwọ́lù orí ẹ̀rọ pín in sí ipele mẹ́ta, èyí tó ga jù, tó dọ́gba pẹ̀lú ọwọ́ tí a fi bírò kọ, sì ń béèrè pé kí ilé-iṣẹ́ tí ìjọba fọkàn tán ti yẹ ẹni náà wò kó tó fún un ní ìwé-ẹ̀rí. Nígbà tí wọ́n tún òfin náà ṣe ní 2024 tí wọ́n sì mú ìwé àkọsílẹ̀ orí ẹ̀rọ irú ti blockchain wọ inú rẹ̀, ohun tí wọ́n ní kí ilé-ẹjọ́ gbà lẹ́nu rẹ̀ kò ju pé àwọn àkọsílẹ̀ náà tẹ̀lé ara wọn bó ṣe yẹ àti pé wọn kò yingin. Wọn kò fi «ta ni» kún un.

Irinṣẹ́ tó wọ́pọ̀ kò pé lórí èyí náà, ṣùgbọ́n ó súnmọ́ ọ díẹ̀ sí i. Ó lè béèrè nọ́ńbà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù kí èèyàn tó fọwọ́ sí ìwé, a sì mọ̀ pé láti ìparí 2020 ni wọ́n ti ń fipá so síìmù mọ́ NIN ní Nàìjíríà. Àlàfo tó kù ni ti ìyá tó jẹ́ pé ọmọ rẹ̀ ló ń di fóònù rẹ̀ mú, àwọn bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ láàárín wa.

Ṣé ilé-ẹjọ́ Nàìjíríà yóò gba ìbuwọ́lù orí ẹ̀rọ?

Bẹ́ẹ̀ ni. Abala 93 nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011 sọ pé níbi tí òfin bá ti béèrè ìbuwọ́lù, ti orí ẹ̀rọ tó o, ó sì gbà kí a fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ lọ́nà yòówù, pàápàá nípa fífi hàn pé ìlànà kan wà tí onítọ̀hún gbọ́dọ̀ gbà kó tó lè tẹ̀síwájú. Wọ́n tún Òfin náà ṣe ní 2023, wọ́n sì fi àlàyé kún un lórí ìbuwọ́lù oní-kọ́kọ́rọ́ àti àkọsílẹ̀ orí ẹ̀rọ.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ ni abala 84, tó sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rí tó jáde láti inú kọ̀ǹpútà. Ó ń béèrè ìwé-ẹ̀rí tí ẹni tó wà nípò tó yẹ nídìí ẹ̀rọ náà fọwọ́ sí, pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa lásìkò náà. Fún irinṣẹ́ tó wọ́pọ̀, kò ṣòro púpọ̀. Ta wá ni yóò fọwọ́ sí ti Bitcoin, tí kò ní ọ̀gá, tí kò ní ọ́fíìsì? Àkọ̀wé ẹgbẹ́ lè fọwọ́ sí i nípa kọ̀ǹpútà tirẹ̀, kó sì ṣàlàyé bí a ṣe ń yẹ hash wò, ṣùgbọ́n lọ́yà tó wà lódìkejì yóò rí ohun bi í. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà orílẹ̀-èdè lórí blockchain ní 2023. Ìlànà kì í ṣe òfin, kò sì yí abala 84 padà.

Àwọn ìwé wo ni kí a má ṣe fi ẹ̀rọ buwọ́ lù?

Abala 17 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn Orí Íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015 yọ àwọn kan sílẹ̀: ìwé ìhágún, ìwé-ẹ̀rí ìbí àti ti ikú, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, ìkọ̀sílẹ̀ àti ìgbàtọ́, àti àwọn ìwé ilé-ẹjọ́ bí àfídáfíìtì.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni wọ́n bi mí jù, bí ẹ ṣe mọ̀ pé nílẹ̀ wa, bẹ̀rẹ̀ láti Ìkéré títí dé Ọ̀tùn, ìdílé kan náà lè ta ilẹ̀ kan fún èèyàn mẹ́ta. Lábẹ́ Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978, gómìnà ló ń fún èèyàn ní C of O, òun ló sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ tó kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Kò sí blockchain tó lè rọ́pò ìyẹn. Bí ẹ bá ra ilẹ̀, ẹ lè fi hash àdéhùn yín sórí blockchain kí ọjọ́ rẹ̀ lè hàn kedere bí ẹlòmíràn bá gbé ìwé ayédèrú jáde, ṣùgbọ́n ẹ ṣì gbọ́dọ̀ gbé ìwé lọ sí ọ́fíìsì ìjọba.

Bí ilé-iṣẹ́ tó ni irinṣẹ́ náà bá kógbá sílé ńkọ́?

Níbí ni blockchain ti borí. Ní 2011, àwọn ọ̀daràn wọ inú ẹ̀rọ DigiNotar, ilé-iṣẹ́ kan ní Netherlands tó ń fúnni ní ìwé-ẹ̀rí orí ẹ̀rọ, wọ́n sì ṣe ayédèrú ìwé-ẹ̀rí lórúkọ àwọn ẹlòmíràn. Kí oṣù kẹsàn-án tó parí, ilé-iṣẹ́ náà ti wọko gbèsè. Bí gbogbo ẹ̀rí yín bá wà lọ́dọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ ti wọ wàhálà. Hash tó wà lórí Bitcoin kò ní ẹni tí yóò wọko gbèsè pẹ̀lú rẹ̀.

Ohun tó lè gba ẹni tó ń lo irinṣẹ́ tó wọ́pọ̀ là ni pé kó má ṣe fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀ lórí ìkànnì wọn. Ẹ sọ PDF tí wọ́n lẹ̀ pa àti ìwé-ẹ̀rí tó tẹ̀lé e kalẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá fọwọ́ sí i, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi méjì.

Bí èèyàn bá gbàgbé ọ̀rọ̀ ìwọlé tàbí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀?

Lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́, wọn óò fún un ní òmíràn. Lórí blockchain, ó parí.

Èló ni?

Irinṣẹ́ tó wọ́pọ̀ sábà máa ń gba owó oṣooṣù, dọ́là sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà, nítorí náà náírà wa ni yóò sọ iye rẹ̀. Láti fi hash sórí Bitcoin, irinṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní OpenTimestamps, kò gba kọ́bọ̀, nítorí ó ń kó hash ọ̀pọ̀ èèyàn pọ̀ sínú ẹyọ kan kó tó fi wọ́n síbẹ̀. Ó lè gbà tó wákàtí mélòó kan kó tó wọlé, aago rẹ̀ kò sì pé pérépéré: ó lè fi bí wákàtí kan tàbí méjì yẹ̀. Fún ìwé ẹ̀yáwó, ìyẹn kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Ṣé àṣírí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kò ní tú síta?

Ó lè tú bí a bá ya aláìmọ̀kan. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti 2023 fún ẹni tó ni ìsọfúnni lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí a tún un ṣe tàbí kí a pa á rẹ́, ohun tí a kò sì lè pa rẹ́ ni blockchain. Nítorí náà, orúkọ, nọ́ńbà fóònù tàbí iye gbèsè ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ débẹ̀. Hash nọ́ńbà fóònù nìkan pàápàá kò pa àṣírí mọ́, nítorí kọ̀ǹpútà lè dán gbogbo nọ́ńbà tó wà ní Nàìjíríà wò títí yóò fi bá èyí tó bá a mu pàdé. Hash odindi fọ́ọ̀mù ni kí a lò, kí nọ́ńbà àdììtú gígùn kan sì wà nínú fọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan.

Kí wá ni akọ̀wé dábàá?

Kí a lo irinṣẹ́ tó wọ́pọ̀ fún fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó àti ti onídùúró, kí nọ́ńbà orí fóònù sì jẹ́ dandan, pàápàá nítorí àwọn onídùúró tó wà ní Èkó tàbí Ìkọ̀lé tí wọ́n ń náwó ọkọ̀ wá sí Adó torí ìbuwọ́lù ẹyọ kan. Ní ìparí oṣù, kí a kó gbogbo PDF oṣù náà sínú fáìlì kan, kí a fi hash rẹ̀ sórí Bitcoin nípasẹ̀ OpenTimestamps, kí alága, akápò àti èmi sì ní ẹ̀dà fáìlì náà pẹ̀lú ẹ̀rí kékeré tó máa ń bá a jáde. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ lọ́jọ́ iwájú pé ìgbìmọ̀ tún ìwé kọ lẹ́yìn, èmi náà sì wà lára àwọn tí wọ́n lè fẹ̀sùn yẹn kàn, a ó ní ohun tí a fi lè dáhùn.

Àwọn ìyá àgbà tí kò ní fóònù tó dára, tí wọn kò sì mọ̀wé kà ńkọ́?

Wọn óò máa tẹ̀ka sí pépà bí wọ́n ti ń ṣe. Òfin tó ń dáàbò bo aláìmọ̀wé fẹ́ kí a ka ìwé náà sí wọn létí ní èdè tí wọ́n gbọ́, kí a tó gba ìka wọn, kí ẹni tó kọ ọ́ sì kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀. Kíkà yìí la ti ń fò kọjá láti ìgbà pípẹ́. Láti oṣù tó ń bọ̀, èmi ni n ó máa kà á, lójú ẹlẹ́rìí tí ìyá náà bá fúnra rẹ̀ mú wá.